Ohun tó wà lábẹ́ rọ́ọ̀gì mọ́tò àtijọ́

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn. Bí ẹ bá gbé rọ́ọ̀gì mọ́tò tó ti lo ọgọ́ta ọdún láyé sókè, kí ojú yín tó rí ohunkóhun, imú yín á ti sọ fún yín pé omi ti ń sùn síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó ń rùn bí aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ, ó ń rùn bí ìtọ̀ eku, ó tún ní òórùn ọ̀dà títì tí oòrùn ti ń yọ́, tó tún ń dì, lọ́dọọdún. Mo ti gbé irú rọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ sókè nínú mọ́tò mẹ́fà, àyà mi ṣì máa ń já kí n tó gbé e.

Tí àwa tí a ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe bá pàdé, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà ara mọ́tò la máa ń sọ. A ó ya fọ́tò kábúrétọ̀ tí a fọ̀ tó mọ́ tónítóní, a ó ya fọ́tò bọ́ńpà tó ń kọ mànà. Òwú jíjẹrà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, fóòmù tó ti di ìyẹ̀fun, pátákó bébà tó ń já sílẹ̀ lókè sáílẹ́ńsà, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò wọn. Ńṣe la máa ń fà wọ́n ya, a ó kó wọn sí àpò, a ó sọ wọ́n nù. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ dì mú. Àwọn ohun ìdábòbò yìí, tí wọ́n tẹ́ sínú mọ́tò láti dá ooru, ariwo àti òtútù dúró, òmíràn nínú wọn ń pa páànù, òmíràn ń pa ènìyàn, òmíràn sì wà tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ju pé ó ti gbó lọ. Ọwọ́ kan náà kọ́ la fi ń mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi tú palẹ̀, salúùnù kan ni tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1965. N kò ní sọ irú mọ́tò tó jẹ́, torí àṣìṣe náà, tèmi ni. Lábẹ́ rẹ̀, láàárín sáílẹ́ńsà àti páànù ilẹ̀, wọ́n fi pátákó bébà kan tó ní àwọ̀ eérú dá ooru dúró. Ó ti sán, igun rẹ̀ kan sì ti ká sílẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Mo ki sìkúrúdíráfà bọ abẹ́ rẹ̀, mo fi ká a sókè, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tó kù lẹ̀ mọ́ páànù, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ kí ojú ibẹ̀ mọ́ kí n lè kùn ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ni mo bá gbé ẹnu kọ́ńpẹ̀rẹ́ṣọ̀ sí i. Eruku náà gba gbogbo yàrá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé, mo sì ń rí eruku náà nínú ìmọ́lẹ̀, ó tinrin ju gbogbo eruku tí mo mọ̀ lọ, ó ń tàn yinrinyinrin, ó ń ràbàbà, ó kọ̀ kò balẹ̀. Ó wù mí í wò. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó, mo ń mí. N kò lo ìbòmú.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí n tó tú irin tó gbé sáílẹ́ńsà dúró. Lẹ́yìn orí bọ́ọ̀tì kan ni mo ti rí ìwọ̀nba pátákó náà tó ṣẹ́kù, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo ti kàwé díẹ̀ nígbà náà, ojú mi sì ti ń là. Mo fi omi rin ín, mo dì í sínú ọ̀rá méjì, mo fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ìwé tí wọ́n kọ padà sí mi kò gùn. Chrysotile ni. Asbestos funfun. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, eruku tó ń tàn nínú oòrùn ìjọ́sí sì padà wá sójú mi bí ẹni pé mo ṣì dúró níbẹ̀.

Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa asbestos. Òkúta ni, ṣùgbọ́n òkúta tó ṣeé ya bí òwú. Iná kì í jó o, ó sì lágbára. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wà nínú páàdì bíréèkì, ó wà lára kílọ́ọ̀ṣì, ó wà nínú gásíkẹ́ẹ̀tì, ó wà nínú pátákó tó ń dá ooru dúró àti nínú aṣọ tí wọ́n wé mọ́ páìpù èéfín. Wọ́n tilẹ̀ máa ń pò ó mọ́ àwọn ọ̀dà dúdú kan tí wọ́n ń fín sí abẹ́ mọ́tò. Ewu rẹ̀ wà nínú bó ṣe ń ya. Tí ẹ bá fọ́ irun orí, ó kúrú ni. Tí ẹ bá fọ́ asbestos, gígùn ló máa ń là, ó ń tinrin sí i, títí yóò fi tinrin débi tí ojú kò ní rí i mọ́. Bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóóró tán, ara kò mọ ohun tí yóò fi yọ́ ọ. Ibẹ̀ ni yóò wà. Jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóóró, tí wọ́n ń pè ní mesothelioma, lè lo ogún ọdún sí àádọ́ta ọdún kó tó fojú hàn. Ìwọ̀n tí ènìyàn bá fà símú àti iye ìgbà tó fà á ló ń mú ewu náà pọ̀ sí i. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe ìdájọ́ ikú, mo sì ti sọ ìyẹn fún ara mi ní òru púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n kan tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu.

Britain fòfin de asbestos búlúù àti ti àwọ̀ ilẹ̀ ní 1985, wọ́n sì fòfin de ti funfun ní 1999. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní 2005. Ní Australia, òfin wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2003, wọn kò sì fi ṣeré rárá: mọ́tò àtijọ́ tí ènìyàn bá fẹ́ kó wọ orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ asbestos pátápátá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè sì lè ní kí wọ́n yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì àti bíréèkì rẹ̀ wò kí ó tó kọjá. Òfin dára. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ti tò pọ̀ ní 1964 ti kúrò nílé kí òfin tó dé.

Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí mo máa ń rí àwọn tó ń fi fọ́tò bi ara wọn léèrè pé, "Ṣé asbestos nìyí?", tí ẹnì kan á sì dáhùn pé, "Rárá, fáíbà gíláàsì ni." Kò sẹ́ni tó lè rí ìyẹn nínú fọ́tò. Funfun, búlúù, àwọ̀ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di eérú tí epo àti eruku bá ti gun orí ara wọn lórí rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún. Ilé àyẹ̀wò ló ń fi maikirosíkóòpù àti ìmọ́lẹ̀ àkànṣe dá a mọ̀. Nítorí náà, ìlànà tèmi ni pé ohunkóhun tó bá jọ bébà líle tàbí aṣọ híhun tó wà nítòsí èéfín, gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ gbogbo, páàdì bíréèkì tí a kò tíì pààrọ̀ rí, àti ọ̀dà dúdú tí mo bá rí òwú tó yọ jáde létí rẹ̀, asbestos ni mo ń pè é títí ìwé yóò fi sọ pé kì í ṣe òun.

Bí mo ṣe ń mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò nìyí. Mo máa ń wọ ìbòmú tó lẹ̀ mọ́ ojú, èyí tí wọ́n kọ FFP3 tàbí P100 sí lára. Ìbòmú aṣọ àti ti bébà tín-ínrín kò lè dá nǹkan kan dúró. Mo ń bu ọṣẹ díẹ̀ sínú omi, mo ń fọ́n ọn sí ojú ibẹ̀ títí yóò fi rin wọnú, torí òwú tó bá tutù kì í fò. Mo ń gé ìwọ̀n èékánná, mo ń dì í sínú ọ̀rá, mo tún ń fi ọ̀rá mìíràn bò ó, aṣọ tí mo fi nu ibẹ̀ náà á sì bá a lọ. N kò ní lo kọ́ńpẹ̀rẹ́ṣọ̀, n kò ní lo búrọ́ọ̀ṣì onírin, n kò sì ní lo ẹ̀rọ tí a fi ń fa eruku nílé, nítorí ńṣe ló máa gbà á níwájú, tí yóò sì tú u síta lẹ́yìn. Tí ìwé bá dé, tó sì sọ pé òun ni, mo ń pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti kó o. Owó rẹ̀ máa ń dùn mí. Mo máa ń san án.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ asbestos, gbogbo yòókù rọrùn láti dá mọ̀. Ẹni tó kọ́ mi, bàbá arúgbó kan tó ti ran ìjókòó mọ́tò láti ìgbà èwe rẹ̀ ni. Mo kó ẹ̀kúnwọ́ òwú kan tọ̀ wọ́n lọ lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí?" Wọn kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, níbo ló ń gbé nínú mọ́tò?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n wá ní, "Máa kọ́kọ́ béèrè ilé rẹ̀ kí o tó wo àwọ̀ rẹ̀."

Òótọ́ sì ni. Èyí tó ń gbé nínú ìjókòó, irun ẹṣin ni tàbí òwú èèpo àgbọn tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ pọ̀. Ó le, ó ń ta padà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń gbé lábẹ́ rọ́ọ̀gì, òwú tí wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ ni, tàbí àkísà lílọ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ páànù ilẹ̀ gan-an, tó dúdú, tó wúwo, tí àwòrán páànù hàn lára rẹ̀, ọ̀dà títì ni wọ́n fi ṣe é, ooru ni wọ́n sì fi yọ́ ọ mọ́ páànù nígbà tí wọ́n ń ṣe mọ́tò. Èyí tó wà lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, tó ń dán díẹ̀, tó ń yún ni lọ́rùn ọwọ́, fáíbà gíláàsì ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ojú lásán. Lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn, bébà tí wọ́n fi ọ̀dà rin ló wà níbẹ̀, kì í ṣe nítorí ariwo, bí kò ṣe kí omi òjò tó ń gba ojú gíláàsì wọlé má baà ba páálí náà jẹ́.

Àkísà lílọ̀ yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ní Batley, ní England, ní 1813, Benjamin Law ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ irun àgùntàn tó ti gbó ya, tó ń pò ó mọ́ irun tuntun, tó sì ń hun ún padà. Iṣẹ́ yẹn gbòòrò débi pé nígbà tí mọ́tò dé ayé, àkísà lílọ̀ ti wà nílẹ̀ dè é. Mo tẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sórí bébà funfun rí, mo sì fi ẹ̀mú tú u ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Pupa wà níbẹ̀, búlúù wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé sì wà níbẹ̀. Láàárín wọn ni mo ti rí etí aṣọ kan tí kò tíì tú, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ṣì wà lára rẹ̀ ní títò. Ẹnì kan ti wọ aṣọ yẹn rí. Mo fi í sínú ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ mi sí, ó wà níbẹ̀ di òní.

Tí ilé tó ń gbé kò bá tó láti dá a mọ̀, ẹ lè dáná sun díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe é lára ohun tí ẹ fura sí, ẹ má sì ṣe é nítòsí epo. Ẹ fi ẹ̀mú mú fọ́nrán bíńtín. Irun àgùntàn àti irun ẹṣin á rùn bí irun orí tó jóná, iná rẹ̀ kì í pẹ́ kú, yóò sì fi kókó dúdú kan sílẹ̀ tó ń lọ̀ kúnná láàárín ìka. Òwú ara igi àti ewéko á rùn bí bébà, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Òwú àtọwọ́dá ńṣe ló máa yọ́, á máa kán, á sì le bí òkúta tó bá tutù. Gíláàsì kì í jó rárá.

Fóòmù kò nílò iná. Ẹ fi ìka kàn án, bí ó bá di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, fóòmù tí wọ́n fi ike polyurethane ṣe ló sábà máa ń jẹ́. Onímọ̀ kẹ́míkà Otto Bayer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàwárí bí wọ́n ṣe ń ṣe polyurethane ní Leverkusen, ní Jámánì, ní 1937. Omi inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó ń tú u ká díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tí a lè fi tọ́jú rẹ̀ mọ́ tó bá ti dé ibẹ̀. Ẹ kó o kúrò.

Mọ́tò tí mo ti lo gbogbo ẹ̀kọ́ yìí jù ni Ìjàpá kan, Volkswagen tí wọ́n ṣe ní 1965. Ẹni tó bá mọ Ìjàpá mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Nígbà tí mo gbé ìjókòó náà kúrò, òwú tó wà níbẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ó dà bí ilẹ̀ tí ènìyàn lè gbin nǹkan sí. Omi àti ásíìdì ti jọ gbé inú rẹ̀ pẹ́, ó sì ti lẹ̀ mọ́ páànù bí ẹni tó ń fún un lọ́mú. Mo fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀, ìka mi sì já sí ìta. Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lè gba inú ihò náà kọjá. Síbẹ̀, lókè, rọ́ọ̀gì náà mọ́, ó sì dára lójú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bẹ́ẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, lápá iwájú, ọ̀dà títì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ṣì wà ṣinṣin. Mo fi òòlù kékeré kàn án káàkiri: kò dún bí ohun tó ṣófo, etí rẹ̀ kò ká sókè, ìpẹtà kò sì rá lọ sábẹ́ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí n ṣí gbogbo rẹ̀ dé páànù funfun, ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí a ó fi yọ ohun tó ti dáàbò bo páànù dáadáa fún ọgọ́ta ọdún kí a lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó ti ká sókè lápá ẹ̀yìn, mo kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n ní kò sí asbestos nínú rẹ̀, yìnyín gbígbẹ ni mo fi yọ ọ́. Atẹ́gùn carbon dioxide tí wọ́n sọ di yìnyín ni, ó tutù tó ìwọ̀n 78 Celsius sísàlẹ̀ òdo. Mo wọ ìbọ̀wọ́ awọ, mo fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí ọ̀dà náà, mo fi aṣọ bò ó. Ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ọ̀dà náà ń sún kì ju bí páànù ṣe ń sún kì lọ, ó ń já ara rẹ̀ gbà kúrò lára rẹ̀. Mo kó yìnyín náà kúrò, mo fi òòlù gbá a fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fọ́ bí àwo. Àwọn ègé tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ń fò sókè, páànù abẹ́ rẹ̀ sì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n kùn ún. Ìdùnnú ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: atẹ́gùn tó ń jáde lára yìnyín yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń rọ́ lọ sí ibi tó bá jin, ibi tó sì jin jù nínú mọ́tò ni ibi ẹsẹ̀, níbi tí orí yín yóò wà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ sì má ki orí bọ ibẹ̀ títí yìnyín náà yóò fi kúrò. Àwọn tó ń fi iná gbígbóná yọ́ ọ̀dà yìí tí wọ́n sì ń fi sìkírépà ha á wà, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóóró, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan.

Wàyí o, kí la fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Ibí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Àwọn ènìyàn á ra ohun tó ń pa ariwo rẹpẹtẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo páànù láti ilẹ̀ dé òrùlé, mọ́tò á wúwo, ariwo á sì tún wà. Ìdí ni pé ariwo kò jẹ́ oríṣi kan. Páànù tó ń jó nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n, ìyẹn yàtọ̀ sí ariwo tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ooru.

Fún páànù tó ń jó, rọ́bà àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní butyl, tó ní fọ́ìlì lórí, ló dára jù lójú tèmi. Kò sì pọn dandan kó bo gbogbo ojú páànù: ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó, láàárín gbùngbùn ibi tó fẹ̀ tí kò ní ìṣẹ́po. Ẹ fi eegun ìka kan páànù náà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, á dún gbọ̀n-ìn-ìn. Ẹ lẹ ìwọ̀n ojú ìwé kan mọ́ ọn, ẹ fi róólà tẹ̀ ẹ́ títí ìlà ojú fọ́ìlì náà yóò fi tẹ́jú, ẹ tún kàn án: á dún dù, á sì dákẹ́. Ìgbà tó bá ti dún dù, ẹ ti ṣe tán níbẹ̀, ẹ sún síwájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní èyí tí wọ́n ń fi dí òrùlé tó ń jò. Ọ̀dà títì wà nínú rẹ̀, nígbà tí oòrùn bá mú, á máa rùn, á sì máa yọ́ ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn.

Fún ariwo inú afẹ́fẹ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun tó wúwo, ẹ wá ihò. Ibi tí wáyà gbà kọjá, ibi tí okùn kílọ́ọ̀ṣì gbà, rọ́bà tó yẹ kó dí wọn ti gbó, ó ti já. Ihò tó tó ìka kan lè ba iṣẹ́ ìdábòbò tó nípọn jẹ́. Rọ́bà kékeré mẹ́fà ni mo pààrọ̀ nínú Ìjàpá, mo sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ kí n tó tẹ́ nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ní ti ooru, fọ́ìlì tó ń dán máa ń dá ìtànṣán ooru padà dáadáa, ṣùgbọ́n àyè gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fún un mọ́ àárín páànù gbígbóná àti rọ́ọ̀gì ti pa iṣẹ́ rẹ̀, torí alumíníọ́ọ̀mù máa ń gbé ooru kọjá kíá. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ibi gbà láàárín rẹ̀ àti sáílẹ́ńsà.

Nínú àyè ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, pátákó tí wọ́n fi ọ̀dà rin ló wà lára ògiri, ahọ́n irin kéékèèké tí a ń tẹ̀ wálẹ̀ ló sì dì í mú. Mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn tó ṣe é lọ. Mo fi fóòmù tuntun rọ́pò rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ àwọn ahọ́n irin náà dùbúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kì í lo omi. Fáànù ló ń fa afẹ́fẹ́ láti inú àyè yẹn gan-an tó ń fẹ́ ẹ sórí rẹ̀. Nígbà tí ooru mú, gọ́ọ̀mù náà rọ̀, orí fóòmù já sílẹ̀, fáànù sì fà á mọ́ ẹnu. Òórùn epo gbígbóná ló jẹ́ kí n dúró. Bí mo bá ti lọ síwájú díẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì náà ì bá ti lọ. Mo padà sí pátákó ọlọ́dà, mo gé e ní àwòṣe ti àtijọ́, èyí tí mo dúpẹ́ pé n kò tíì sọ nù, mo gbé àwọn ahọ́n irin náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ̀ wọ́n lé e. Láti ìgbà náà, n kì í sọ ègé àtijọ́ kankan nù tí kì í bá ti í ṣe májèlé. Mo ń kọ orúkọ ibi tó ń gbé sí i lára, mo ń ya fọ́tò rẹ̀, mo sì ń fi í gé tuntun.

Lábẹ́ rọ́ọ̀gì ni ìpinnu ti nira fún mi jù. Mo fẹ́ràn òwú irun àgùntàn, ojú rẹ̀ bá mọ́tò náà mu, ó sì ń pa ariwo. Ṣùgbọ́n ó lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Irú rẹ̀ ló jẹ ilẹ̀ Ìjàpá mi. Nítorí náà mo lò ó lókè, níbi tí omi kì í dé. Sí ilẹ̀, mo lo fóòmù tí ojú rẹ̀ dí, tí omi kò lè rí ibi wọ̀. Kí n tó gbà á gbọ́, mo wọn ègé kan lórí òṣùwọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú garawa omi mọ́jú, mo nù ún, mo tún wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Fóòmù kejì tí wọ́n tà fún mi pé kò yàtọ̀ wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta. N kò fi gọ́ọ̀mù lẹ èyí tí mo yàn mọ́lẹ̀. Mo kàn tẹ́ ẹ ni, kí n lè máa gbé e wò.

Irun inú ìjókòó ẹ̀yìn ṣì dára, mo gbọ̀n ọ́n, mo sá a, mo dá a padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fi pamọ́. Sípíríìngì ìjókòó yẹn lè kan orí bátìrì tí ẹni tó wúwo bá jókòó, irun tó wà lókè rẹ̀ sì máa ń tètè gbiná. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti jóná báyẹn. Ìbòrí bátìrì náà, tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ nù nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́, ìdábòbò ni òun náà. Mo wá òmíràn kí n tó dá ìjókòó padà.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo parí gbogbo rẹ̀, òjò rọ̀. N kò wa mọ́tò náà wọlé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síta. Òjò náà rọ̀ títí di ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé rọ́ọ̀gì ẹ̀yìn sókè, mo gbé fóòmù náà sókè, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé páànù tuntun tí mo fi dí ojú ihò yẹn, lábẹ́ ibi tí bátìrì wà. Ó tutù bí irin ṣe máa ń tutù láàárọ̀. Mo fà ọwọ́ mi káàkiri rẹ̀, mo gbé e wá síwájú imú mi. Ọ̀dà tuntun nìkan ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi sì gbẹ.